Páì Ewùrà Nínú Ìkòkò Yanrìn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra iṣu ní Mile 12. Ọmọbìnrin tó ń ta ewùrà fún mi fi ọ̀bẹ bẹ́ orí ọ̀kan kí n lè rí i pé kò rà. Bó ṣe bẹ́ ẹ báyìí, ńṣe ni inú rẹ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ojú tì í. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, elésè àlùkò lèyí. Àwọn kọ́sítọ́mà ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ jẹ́ n wá funfun fún yín." Mo ní, "Má gbé e lọ síbì kankan o! Gbogbo èyí tó bá bá a wá láti oko kan náà, kó o kó o sínú báàgì fún mi." Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má rò pé orí mi ti ń dà rú. N ò bá a jà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ ọlọ́mọ láàárín ọjà, pé ewùrà tó ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí yẹn, òun ló dá ìyá àgbà mi dúró lọ́dún kan tó ti di ẹrù rẹ̀ tán? Mo kàn sanwó, mo sì ń rẹ́rìn-ín délé.

Ìkòsì la ń gbé nígbà yẹn, nílé Alhaja kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onílé. Ọmọ onílẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kó tó di pé wọ́n ń kọ́ ilé lé ibi tí wọ́n ti ń dáko. Yàrá méjì la háyà. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì tí ẹnikẹ́ni ò lò, àfi adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti máa ń gbọ́ fèrè àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ata àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ ọjà, òórùn àlùbọ́sà á wọlé ká wa mọ́ orí ibùsùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbálẹ̀ Ìyá Onílé á bẹ̀rẹ̀, fẹ̀ẹ́rẹ̀-fẹ̀ẹ́rẹ̀, á máa gbálẹ̀ á máa ṣe tẹ̀sùbáà. Dádì á wúkọ́. Mọ́mì á fi ṣíbí gbá ìdí ìkòkò. Ọjọ́ ti mọ́ nìyẹn, ẹni tó bá ṣì sùn, ọ̀lẹ ni.

Mọ́mì wa, ọmọ Ẹ̀gbá ni, ẹ ò lè bá a lórí ìjókòó lásán. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe páì. Ààrò ìgbàlódé ò sí nílé wa, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá a dúró. Ìkòkò irin ńlá kan ló wá, ó da yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e ka orí èédú. Tí yanrìn bá ti gbóná dáadáa, á gbé abọ́ páì lé e, á dé e, á wá kó ẹyin iná sórí ọmọrí, kí ooru lè mú un lókè kó mú un nísàlẹ̀. Èmi ni mo ni iṣẹ́ yanrìn. Mo ní láti fi asẹ́ kù ú, kí n fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, kí n sá a sóòrùn, kí n sì máa lé adìyẹ kúrò níbẹ̀. Mọ́mì ní òfin kan: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí ìkòkò náà wò tí páì bá ti wà nínú ẹ̀, òun alára kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Á ní, "Ẹni tó bá ń ṣí ìkòkò wò, tútù ló máa jẹ." Títí dòní, gáàsì ni mo fi ń ṣe páì tèmi, síbẹ̀ tí ọmọ mi bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ààrò, ohùn ìyá mi ló máa ń jáde lẹ́nu mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni Dádì lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú. Bàbá àgbà ti kú, Dádì sì sọ pé kò dáa kí ìyá òun máa dá gbé. Màmá Ìjẹ̀bú là ń pè é. Ó gbé àpò ewùrà kan wọlé, ewùrà aláró láti inú oko rẹ̀, tí inú rẹ̀ rí bí èyí tí mo rà lọ́jọ́sí. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ni irú rẹ̀ ti wá, ìyá òun náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Orí ẹní kan náà lèmi àti ẹ̀ ń sùn. Òun nìkan ló ń fi oríkì pè mí. Tó bá ti ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, wá bá mi ṣa ẹ̀wà," ara mi á yá gágá, mo sì kórìíra ẹ̀wà ṣíṣà bí nǹkan míì. A óò jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, á máa pa àlọ́, á máa bú àwọn tó wà nínú àlọ́ náà bí ẹni pé aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n. "Ìjàpá yẹn, alákọrí ni! Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀!" Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran Kérésì lọ, ẹni tó bá mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹran Kérésì tó á mọ̀ pé mi ò ṣeré.

Ṣùgbọ́n ara Màmá ò balẹ̀ nílé wa. Mọ́mì ò jẹ́ kó ṣe nǹkan kan. Tó bá mú ìgbálẹ̀, Mọ́mì á kúnlẹ̀ gbà á. Tó bá sún mọ́ iná, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi." Ọ̀wọ̀ ni Mọ́mì ka gbogbo ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ń dun Màmá. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń dá sọ̀rọ̀: "Sinmi, sinmi. Ṣé òkú ni mí ni?" Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó jí kí Mọ́mì tó jí, ó rin ewùrà aláró, ó sì fi se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ilé. Ẹ ò rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán bó ṣe ń bu tiwa. Kúnlé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé yíǹkì lẹ sè ni?" Ẹ̀rín pa Dádì. Ẹ̀rín pa Mọ́mì náà, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. Kúnlé ò jẹ ẹ́, ó ní ahọ́n òun á dúdú tóun bá dé ilé ìwé. Màmá ò bínú sókè. Ó kàn gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Òjò ti rọ̀. Ewùrà mi tó kù ti fẹ́ máa hu. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, mò ń lọ sílé lọ gbìn ín."

Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́. Dádì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú táì ọ́fíìsì lọ́rùn. Kúnlé náà tọrọ àforíjì, àmọ́ Màmá ní òun ò bínú sí ọmọdé, ilé òun lòun kàn ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú báàgì ńlá rẹ̀. Ó fi àkísà wé àwọn orí ewùrà tó ti ń hu, ó tò wọ́n sókè. Ó wá kó èyí tó kù tí kò níí gbìn fún Mọ́mì, ó ní, "Ẹ fi bọ́ ewúrẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mọ́mì ju èébú lọ. Ó bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń sunkún, ó ní, "Gbé ẹnu dákẹ́. Bí Kúnlé bá jẹ ewùrà yìí lójú Màmá, tó jẹ ẹ́ tán tó tún tọrọ sí i, Màmá ò níí lọ mọ́. Wọ́n kọ́ wa ní páì ọ̀dùnkún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló ní kéèyàn má fi ewùrà ṣe é? Lọ fọ yanrìn sílẹ̀, Sátidé la máa ṣe é." Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ẹ̀bùn àìròtẹ́lẹ̀ ló máa jẹ́ fún Màmá.

Ní Sátidé, Mọ́mì kúnlẹ̀ kí Màmá tán, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ilé ìdáná lónìí o." Màmá ní, "Hùn." Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sábẹ́ òrùlé níta, ó kọjú sí fẹ́ǹsì. Èmi àti Mọ́mì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. A se ewùrà náà pẹ̀lú èèpo, a bó o, a gún un. Omi inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà Mọ́mì gbé e padà sórí iná, ó ń rò ó bí ẹni ro àmàlà títí ó fi le. Ó dà á sínú ọpọ́n, ó da mílíìkì sí i, ó da ṣúgà sí i, ó fọ́ ẹyin sí i nígbà tó tutù, ó rin nọ́tímẹ́gì lé e. Ó fi bọ́tà po fùláwà, ó fi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò yí i mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ, ó tẹ́ ẹ sínú abọ́. Ó tọ́ inú páì náà wò, ó fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Mọ́mì fi àwo bo ọpọ́n náà, ó jáde lọ fẹ́ èédú.

Bó ṣe jáde báyìí ni Màmá yọ́ wọlé. Ẹni tí wọ́n ní kó má wọlé, àfi kó wọlé. Ó ṣí ọpọ́n, ó rí ewùrà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Ó dúró. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wo agolo iyọ̀, ó wo agolo ṣúgà. Agolo mílíìkì kan náà ni méjèèjì, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Yéè! Àbẹ̀kẹ́, ìyá ẹ ti fi ṣúgà ṣe iyọ̀."

"Màmá, kì í ṣe pé..."

"Rọra sọ̀rọ̀!" Ó fa etí mi mọ́ra. "Ìkọ́kọrẹ́ ló fẹ́ sè fún mi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ta ló kọ́ ọ? Ìdí tó fi ní kí n má wọlé nìyẹn, ojú ló ń tì í. Kò sì fi ata sí i, kò fi edé sí i. Háà, ìyàwó mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Sáré lọ bá mi gbé báàgì mi wá."

Mo gbé e wá. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó tú báàgì tó ti dì pa, ó mú ẹja kíká tó ti wé sílẹ̀ fún ọ̀nà, ó fọwọ́ ya á sí wẹ́wẹ́, ó kó o sínú ọpọ́n. Ó bu ata gígún sí i. Ó bu edé sí i. Ó wọ́n iyọ̀. Ó ń rò ó, ó sì ń kọrin lábẹ́ ètè. Láti ọjọ́ yíǹkì yẹn, mi ò tíì gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Ó bo ọpọ́n padà, ó ní, "Má sọ fún un o. Béèyàn bá tún àṣìṣe ẹni tó fẹ́ràn ṣe, kì í pariwo ẹ̀." Ó jáde lọ, ó ń mi ìdí díẹ̀díẹ̀ bí ọmọge.

Èmi nìkan ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún. Mo mọ̀ pé ṣúgà yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Bí mo bá sọ fún Màmá, ojú á tì í, á sì lọ. Bí mo bá sọ fún Mọ́mì, á da gbogbo ẹ̀ nù, kò sì sí ewùrà míì nílé àfi orí tó wà nínú báàgì. Bí mo bá sì dákẹ́, Kúnlé á jẹ ṣúgà òun ẹja pa pọ̀, á tún la ẹnu burúkú yẹn, Màmá á sì lọ náà ni. Ibi tí mo ti ń rò ó ni Mọ́mì ti wọlé, èéfín kún ojú rẹ̀, ó da ọpọ́n náà sínú abọ́ páì láìtọ́ ọ wò mọ́. Ó kàn ní, "Ṣé èmi ni mo rin nọ́tímẹ́gì tó báyìí?" Ó fi fùláwà tó kù bò ó, ó gbé e wọnú ìkòkò yanrìn, ó dé e, ó kó iná lé e lórí. Ẹyẹ ti fò lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bọ́tà ló kọ́kọ́ dé, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹja kíká dé, kò ṣe jẹ́jẹ́ rárá. Mọ́mì gbé imú sókè. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún.

"Ta ló ń se ìkọ́kọrẹ́ nínú ilé yìí?"

Màmá dáhùn láti orí àpótí rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó tutù bí omi àmù, "Ìwọ ni, ìyàwó mi. O kú iṣẹ́."

Mọ́mì wò mí. Èmi wo òkè, mo ń ka ẹyẹ tí kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọmọrí ìkòkò, ó fà á padà, ó tún nà án. Òfin rẹ̀ ló mú un. Ó jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń dúró de páì.

Ìgbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ilé ti pé. Ìyá Onílé alára ti gbé àga rẹ̀ jáde, ó ní òórùn kan ló pe òun lórúkọ. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, páì yẹn rẹwà. Òkè rẹ̀ pọ́n bí búrẹ́dì tuntun. Bí ọ̀bẹ ṣe wọlé, àlùkò yọ, edé sì ń yọjú láàárín rẹ̀. Mọ́mì rí edé. Ó wo Màmá, Màmá sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni tó bo àṣírí ọ̀rẹ́. Mọ́mì gé ti Kúnlé, ó gbé e fún un, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́. Kúnlé gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ lọ́tùn-ún, ó jẹ ẹ́ lósì.

Ó ní, "Ó dùn. Ó tún ta." Ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó tún dùn!" Kí á tó ṣẹ́jú, àwo ti mọ́, ó ń fi ìka ṣa èérún. Ó wá nawọ́ àwo sí Màmá, kì í ṣe Mọ́mì o, Màmá gan-an. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ kún un."

Mọ́mì tọ́ tirẹ̀ wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Mọ́mì ò ronú kó tó fèsì. Ó ní, "Màámi, páì oníṣúgà mà ni mo fẹ́ fi ewùrà yín ṣe!"

Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá. "Oníṣúgà? Ewùrà?" Ó wo abọ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Áà. Mo ti ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ wá rí i pé ó yẹ kí n máa lọ." Ó dìde. Mo di ìró rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ̀rín àti omijé wà lójú rẹ̀. "Màámi, ta ló bà á jẹ́? Èmi tí mo lé yín jáde nílé ìdáná ni mo jẹ̀bi. Mo rò pé ìsinmi ni mò ń fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ bá wa jẹun." Ìyá Onílé, tó ti jẹ tirẹ̀ tán láìdúró de ìjà wa, nu ẹnu. Ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìyá Ìjẹ̀bú, jókòó jàre, jẹ́ ká rí ọ̀nà jẹun."

Màmá jókòó. Kò tíì bá wa jẹun pọ̀ láti ọjọ́ yíǹkì. Ó gé páì náà díẹ̀, ó fi sẹ́nu, gbogbo wa sì ń wo àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó gbé e mì. Ó la ẹnu.

"Ṣúgà yẹn ti pọ̀ jù. Níjọ́ mìíràn, kó o dín in kù. Edé náà, èmi ni màá máa fi sí i."

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Èmi, "níjọ́ mìíràn" ni mo gbọ́, kò sì dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò lè béèrè. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó pè mí, ó ní kí n gbé báàgì rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tú u. Ó mú àwọn orí ewùrà náà jáde, ó ṣí àkísà lára wọn, èéhù wọn ti gùn tó ìka mi. Ó ti bá Ìyá Onílé sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ ẹ̀bá fẹ́ǹsì. Ó fi ọkọ́ kọ ebè, ó lé adìyẹ, ó ní kí n tò wọ́n sínú ihò, kí ojú wọn kọ sókè.

Mo ní, "Màmá, ìgbà wo la máa wà á?"

"Ó di ìgbà ọyẹ́."

Mo tún ní, "Ta ló máa wà á?"

Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ń rí lára. "Ta ni ì bá tún wà á? Ìyá ẹ, ọmọ Ẹ̀gbá? Bu omi wá, jàre."

Mo sáré lọ bu omi. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà, ìdajì rẹ̀ ti dà sí mi lẹ́sẹ̀ kí n tó dé ìdí ebè.